Ẹ Yé Sọ Fún Mi Pé Irọ́ Ni Kòrónà

Ó ti sú mi. Bí mo bá lọ síbi ìkómọ ní Kàbbà, bí mo bá wọ mọ́tò lọ sí Ìsánlú, tí ẹnìkan bá ti mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí, á bú sẹ́rìn-ín: “Àǹtí nọ́ọ̀sì, ṣebí irọ́ ni kòrónà yẹn? Èèyàn márùn-ún péré ni wọ́n kà ní Kogí!”

Lóòótọ́, èèyàn 5 tó ní kòrónà ni NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn, kọ sílẹ̀ fún gbogbo ìpínlẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn ò yẹ̀ wò, ta ni yóò kà á? Ní 2020, ilé ìwòsàn tí mo wà kò ní ohun àyẹ̀wò kankan. Sílíńdà ọ́síjìn kan ṣoṣo la ní. Bó bá tán, ó di Lọ́kọ́jà, ẹ sì mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí.

Màmá kan wà tí mo fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ há níka. Ó yẹ kó ka 95 sókè. 71 ló kà. Ó ń mí bí ẹni tó sáré gun òkè, ó di ọwọ́ mi mú pinpin. Iná lọ. Mo fi àgbọ̀n há fóònù mọ́yà kí n lè rí iṣan rẹ̀. Aṣọ òjò ló wà lọ́rùn mi, ìbòmú tí mo ti lò fún ọjọ́ mẹ́rin ló wà nímú mi. Màmá kò rí òwúrọ̀.

Ọmọ rẹ̀ bi mí pé kí ló pa ìyá òun. N kò rí èsì fọ̀. Màmá yẹn kò sí lára márùn-ún tí ẹ̀ ń kà o!

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí mi, ẹ kí mi ní “okun o” bí wọ́n ṣe ń kíra nílẹ̀ wa, kẹ́ ẹ máa lọ.