Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ rárá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ ṣáájú mi níbí, ẹ ní ìrántí ayé àtijọ́ ló jẹ́ káwọn èèyàn ṣì máa wo Stand by Me, fíìmù nípa àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́. Mi ò gbà. Ọdún 1959 ni ìtàn yẹn wáyé, ní Oregon, l'Amẹ́ríkà. Wọn ò tíì bí mi nígbà náà, síbẹ̀ mi ò wò ó rí kí n má sunkún. Ibi tí àwọn ọmọ náà sùn sínú igbó lóru ló máa ń mú mi: Chris, ọ̀kan nínú wọn, ní òun dá owó mílíìkì tóun jí padà fún tíṣà, tíṣà wá fi ra síkẹ́ẹ̀tì, òun ni wọ́n sì lé nílé ìwé fún ọjọ́ 3. Ọmọ tí gbogbo ìlú ń pè lólè bú sẹ́kún, Gordie ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọ ọdún 12 ni mí nígbà tí bàbá mi kú. Ọ̀rẹ́ mi kan wá, kò rí nǹkan kan sọ, ó kàn jókòó tì mí lórí àtẹ̀gùn, ó ń fi igi wẹ́wẹ́ ha ilẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tó sọ nínú yín pé fíìmù ọkùnrin nìkan ni, ẹ jọ̀ọ́, obìnrin ni mí, obìnrin sì ni ọ̀rẹ́ mi yẹn.