Èsì wa sí oníbàárà tó ní máìkì wa ń gbọ́ aago ju èèyàn lọ

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ èrò yín sílẹ̀. A ti kà á.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: ìràwọ̀ kan nínú márùn-ún ni oníbàárà wa fún wa. Wọ́n ní máìkì USB tí àwọn rà lọ́wọ́ wa, tí àwọn fẹ́ máa fi ka ìtàn sílẹ̀ nílé, “ń gbọ́ aago ara ògiri ju èèyàn lọ”. Wọ́n ní ohùn àwọn ń dún bíi ti ẹni tó wà nínú kànga, pé ọmọ tó tà á fún àwọn purọ́ torí àtitajà, àti pé nǹkan olówó pọ́ọ́kú, bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn. Ohun tí wọn ò kọ síbẹ̀ la fẹ́ kọ.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá kí àtẹ̀jíṣẹ́ yín tó wọlé. Ọmọbìnrin wa tó ń dáhùn ìbéèrè ti palẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ó dá yín lóhùn. Kò kọ́kọ́ bi yín pé èló lẹ mú dání. Ó ní, “Yàrá wo lẹ fẹ́ máa lò?” Ẹ ní pálọ̀ ni, táìlì ló wà nílẹ̀, fáànù wà lókè, kò sì sí kọ́tìnnì lójú fèrèsé. Ó ní kí ẹ mú oríṣi máìkì tó ń jẹ́ dynamic. Ẹ ní rárá, oríṣi kejì, condenser, lẹ rí nínú fídíò, òun lohùn rẹ̀ ń dán. Ó tún bẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kejì. Èsì yín rèé: “Ẹ ṣáà tà á fún mi.” A tà á. Ọ̀rọ̀ yìí wà lórí fóònù wa, ó sì wà lórí tiyín.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ọmọ yìí mọ̀ tó fi ń bẹ̀ yín, torí ẹlòmíì wà tó fẹ́ rà lọ́la. Nínú condenser, awọ tín-ín-rín kan ló dojú kọ irin pẹlẹbẹ, iná mànàmáná sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Èémí lásán tó láti mi awọ náà. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbé ohùn jáde kínníkínní, ìdí náà nìyẹn tó fi ń gbé ohun tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ti dynamic yàtọ̀. Wáyà tí wọ́n ká jọ ló so mọ́ awọ tirẹ̀, tó ń mì láàárín mágínẹ́ẹ̀tì, ó sì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn òǹtajà kan máa ń sọ pé dynamic mọ ohùn èèyàn yàtọ̀ sí ariwo fáànù. Irọ́ nìyẹn, a kì í sì í sọ ọ́ níbí. Kò mọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Kò kàn ní gbọ́ yín dáadáa àfi tí ẹ bá sún mọ́ ọn, sísúnmọ́ yẹn ló sì ń bo ariwo mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá dín àlàfo ẹnu yín sí máìkì kù sí ìdajì, ohùn yín á fi nǹkan bíi 6 dB (dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n agbára ohùn) lágbára sí i, fáànù á sì wà níbi tó wà. Ẹni tí yàrá rẹ̀ bá dákẹ́, tó ní kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnnì tó nípọn, kó ra condenser, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Ní ti olówó pọ́ọ́kú tí ẹ fi bú wa: SM7B, máìkì Shure tí àwọn tó ń ṣe pọ́díkáàsì ń pọ́n lé, kì í ṣe olówó pọ́ọ́kú. Dynamic ni, ó sì ń fẹ́ kí ẹ̀rọ fi nǹkan bíi 60 dB gbé ohùn rẹ̀ ga kó tó jáde bó ṣe yẹ, débi pé ẹ̀rọ tó máa gbé ohùn náà wọ kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ lágbára. SM58, dynamic Shure mìíràn tí wọ́n gbé jáde ní 1966, ṣì wà lọ́wọ́ àwọn olórin títí dòní, owó rẹ̀ ò sì tó ti ìkejì rẹ̀. Ká ní ẹ ra èyí tó wọ́n jù nínú ayé, inú pálọ̀ yẹn náà lẹ ó gbé e sí.

Ó wá ku ti aago. Ní ọjọ́ 11, ẹ fi ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tó ń bá wa yẹ ẹ̀rọ wò fi gbọ́ọ̀rọ̀-etí bo etí méjèèjì, ó gbọ́ ọ dópin. Ó ní aago yẹn ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ẹni pé orí tábìlì ló wà, ohùn yín sì ń bọ̀ láti ibi tó jìnnà, ó ṣú. Èyí ò yé e, torí ẹ̀yin lẹ sún mọ́ máìkì ju ògiri lọ. Ó ní kí ẹ ya fọ́tò. Fọ́tò dé: máìkì dúró lórí tábìlì, àmì orúkọ rẹ̀, tó jẹ́ iwájú rẹ̀, kọjú sí ògiri tí aago wà, ẹ̀yin jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì wà láàárín yín. Cardioid ni máìkì yìí. Ohun tó wà níwájú ló ń gbọ́, ó ń kọ ohun tó wà lẹ́yìn. Aago lẹ kọ ojú rẹ̀ sí, aago náà ló gbọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ló kọ̀wé sí yín pé kí ẹ yí i padà, kí ẹ sún mọ́ ọn tó bíi 15 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ pa fáànù, kí ẹ sì dín gain (bí ẹ̀rọ ṣe ń gbé ohùn ga tó) kù títí tí ohùn yín tó ga jù á fi máa kan nǹkan bíi -12 dB lójú ìwọ̀n kọ̀ǹpútà, níbi tí 0 ti jẹ́ òkè pátápátá. Ẹ ní ẹ ti gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ìràwọ̀ kan.

Kànga tí ẹ ní ẹ wà nínú rẹ̀, táìlì àti ògiri ló ń dá ohùn yín padà. Kò sí máìkì tó lè wo ìyẹn sàn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rà, kó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín yàrá rẹ̀. Tí àtẹ́wọ́ bá ń han lẹ́yìn tó yẹ kó ti parí, kó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn kọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀, tàbí kó lọ kàwé níwájú kọ́bọ́ọ̀dù tí aṣọ kún. A kì í gbowó lórí ìyẹn.

Àyè pààrọ̀ lọ́dọ̀ wa kò ju ọjọ́ méje lọ, tiyín sì ti kọjá. A ó pààrọ̀ rẹ̀ bákan náà, kì í ṣe torí pé ẹ jàre. Dynamic tó ní ihò USB àti XLR (ihò wáyà máìkì ẹlẹ́nu mẹ́ta) ni a ó fi rọ́pò rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ fún yín. A ó san owó àlọ àti àbọ̀, a ó fi fóòmù orí máìkì àti asẹ́ ẹnu kún un lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó ń yẹ ẹ̀rọ wò á sì pè yín lórí fídíò títí ohùn yín á fi dún bí ẹ ṣe fẹ́.

Ẹ ṣáà dá a padà pẹ̀lú àpótí rẹ̀, wáyà rẹ̀, àti ìwé ìlànà tó fi ibi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí hàn. Ìwé yẹn ò ní ṣòro fún yín láti rí, torí nínú fọ́tò tí ẹ gbé síbí, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ò tíì já.