Ẹ Bá Mi Kí Alfie Kú Ewu Ọ̀bẹ

Ẹ bá mi dúpẹ́ o, Alfie ti yàgbẹ́ láàárọ̀ yìí. Ó rọ̀ díẹ̀, kò ṣàn, kò sì le, bí dókítà ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Mo ya fọ́tò ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n fi àtàǹpàkò dá mi lóhùn. Èmi tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ ní Jàlíǹgò, tí mo ní HND Accountancy, tí mo jókòó nínú báǹkì ní Dùgbẹ̀ tí àwọn alájé ń kí mi ní "àǹtí, ẹ dákun ẹ bá wa wo àkántì wa", èmi náà ni mo tẹ̀ ba nínú òtútù Eastbourne yìí tí mò ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ìdí ajá.

Kí n yáa sọ bó ṣe jẹ́. Màmá arúgbó kan ni mò ń tọ́jú níbí, inú ilé wọn náà ni mò ń gbé. Nígbà tí àwọn éjẹ́ǹsì ń ka iṣẹ́ fún mi, wọ́n ní wíwẹ̀, oúnjẹ, oògùn, àti iṣẹ́ ilé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Wọn ò sọ pé iṣẹ́ ilé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ní ìrù. Ṣùgbọ́n ẹni tí CoS ẹ̀, ìwé tí agbanisíṣẹ́ fi ń gbani wọ̀lú yìí, wà lọ́wọ́ ẹlòmíì kì í béèrè ìbéèrè púpọ̀, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ̀yin náà ẹ mọ nǹkan tí mò ń sọ.

Yorkshire terrier ni Alfie, àwọn ajá kékeré onírun gígùn tí wọ́n máa ń di ríbọ́ọ̀nù mọ́ lórí. Kò wọn kílò 3. Tí mo bá gbé e sínú báàgì tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àyè á ṣì kù fún Bíbélì àti ẹyin sísè. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo rí i pé tó bá ti jẹun tán báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì lójú kan, lẹ́yìn náà á lọ gbé orí ti ògiri, kò ní mira. Ẹ rò ó wò. Òru ni o, ilé àtijọ́ ni, òkun ń hó níta, màmá ti sùn, ajá gbé orí ti ògiri. Mo ní ó parí, wọ́n ti tọ̀ mí dé ibí. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo pálọ̀ nìyẹn, mo bo fìrísà, mo bo tẹlifíṣọ̀n, mo bo fọ́tò ọkọ màmá tó ti kú láti ìgbà pípẹ́, torí mi ò mọ ẹni tó rán an.

Ẹ̀dọ̀ ni o. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tó ń ti inú ìfun bọ̀ ló yẹ kó gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá kí ẹ̀dọ̀ lè yọ májèlé inú ẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n òpó ẹ̀jẹ̀ kan wà nínú Alfie látọjọ́ tí wọ́n ti bí i tó yà bàrá gba ẹ̀gbẹ́, bí ọlọ́kadà tó rí ọlọ́pàá níwájú tó sì já wọ kọ̀rọ̀. Tó bá ti jẹ ẹran, májèlé inú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ammonia á gba ibẹ̀ lọ tààrà sí ọpọlọ, òun ló fi ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ó wọ́pọ̀ láàárín irú ajá yẹn. Bí wọ́n ṣe la inú ẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n fi òrùka kékeré kan há òpó ẹ̀jẹ̀ náà. Dókítà ní casein, nǹkan tó wà nínú wàrà, ni wọ́n fi ṣe inú òrùka ọ̀hún, á máa mu omi ara, á máa wú díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 títí tó fi máa dí ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn, torí tí wọ́n bá dí i pa lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ á ya lu ẹ̀dọ̀ ju agbára ẹ̀ lọ, ajá lè gba ibẹ̀ kú. Dókítà ń ṣàlàyé, mò ń mi orí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dúró sí mi létí. Òrùka. Ajá ọmọ ọdún 2 ti rí òrùka, èmi tí wọ́n ti ń gbààwẹ̀ lé lórí látìgbà tí mo ti jáde ní poli, atẹ́gùn lásán ló ń fẹ́ sí mi níka.

Owó ẹ̀ ńkọ́? Ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn lọ́nà mélòó kan. Mo fi náírà ṣírò ẹ̀, mo pa kalikulétọ̀ dé. Ìnṣọ́ránsì ló san án. Ajá ní ìnṣọ́ránsì.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Oògùn gìrì, levetiracetam, wákàtí 8 sí wákàtí 8: aago 6 àárọ̀, aago 2 ọ̀sán, aago 10 alẹ́. Oògùn olómi dídùn kan náà wà tí wọ́n ń pè ní lactulose tó ń bá a yọ májèlé nínú ìfun, irú ẹ̀ náà gan-an ni màmá ń mu nítorí inú líle, ìgò méjèèjì jọra wọn, mo yáa fi máákà kọ ÈÈYÀN sára ọ̀kan, mo kọ AJÁ sára ìkejì, màmá rí i wọ́n ní kí ni mo kọ, mo ní orúkọ oògùn ni lédè wa. Oúnjẹ ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pọ̀, ṣíbí díẹ̀ díẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, nínú agolo tí wọ́n ṣe fún alárùn ẹ̀dọ̀. Ẹran pupa, èèwọ̀. Egungun, èèwọ̀. Èmi tí mo lọ sí Peckham lọ́jọ́ tí mo gba off, tí mo ru ṣàkì àti pọ̀nmọ́ wọ tiréènì tí àwọn òyìnbó ń dìde kúrò níwájú mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò lè jẹ ẹ́ ní kíṣìnì mọ́, torí tí òórùn ẹ̀fọ́ rírò bá ti jáde báyìí Alfie ti dé nìyẹn, pẹ̀lú ikùn tí wọ́n fá àti ike roboto tí wọ́n dè mọ́ ọn lọ́rùn kó má lá ojú egbò, á máa fi ike yẹn gbá ilẹ̀kùn gbàgà, gbàgà. Bálùwẹ̀ ni mo ti ń jẹ ẹran báyìí. Mo máa ń ṣí ẹ̀rọ omi kó má bàa gbọ́ tí mo bá ń fọ́ egungun.

Lọ́jọ́ tá a lọ ṣe àyẹ̀wò, nọ́ọ̀sì kan jáde sí wa níbi tá a jókòó sí, ó pariwo pé ìyá Alfie dà? Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Baba kan tó gbé ahun sórí itan ń wò mí. Mo dìde.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìdájí ni Bọ̀dá Fẹ́mi, ẹ̀gbọ́n mi, ti ń pè mí lórí ọ̀rọ̀ jíà bọ́ọ̀sì wọn tó bàjẹ́. Bọ́ọ̀sì tí mo rà, jíà tí mo pààrọ̀ lọ́dún tó kọjá, ká má tíì sọ ti sólà, ká má sọ ti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ tí mi ò rí sójú rí. Mo wà ní ọsibítù pẹ̀lú ajá lórí itan, ló bá sú mi, mo tẹ̀ ẹ́ sórí gúrúùpù ẹbí pé: ẹ má bínú, ọsibítù ni mo wà, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún Alfie, ẹ̀dọ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ bá mi gbàdúrà. Irọ́ dà níbẹ̀? Kò sí.

Màámi pè lójú ẹsẹ̀.

"Bùkọ́lá, ta ni Álífà?"

"Alfie, mà."

"Mo gbọ́, Álífà. Kò burú, ọ̀kan náà ni Ọlọ́run. Ìyàwó kelòó lo máa jẹ́?"

Mo la ẹnu kí n ṣàlàyé, ni mo bá rí i tí mẹ́sẹ́ẹ̀jì Bọ̀dá Fẹ́mi wọlé: "Bùkọ́lá, má ro tèmi o, gbájú mọ́ Álífà ná. Owó jíà lè dúró."

Ẹ̀yin èèyàn mi. Owó jíà lè dúró! Látìgbà tí bàtà mi ti kan ilẹ̀ Heathrow, kò tíì sí ọmọ bíbí inú ilé wa kan tó sọ pé owó kankan lè dúró. Mo pa ẹnu mi dé. Gbogbo nǹkan tí wọ́n bi mí lẹ́yìn ìyẹn, òtítọ́ ni mo fi dáhùn.

"Ṣé wọ́n ga?"

"Wọn ò ga, mà."

"Ẹni kúkúrú náà ń bímọ. Ṣé wọ́n ń mutí?"

"Omi nìkan, mà."

"Adúpẹ́. Ilé ńkọ́?"

Ojoojúmọ́ ni màmá arúgbó máa ń sọ pé Alfie ló ni ilé yìí, pé àlejò ẹ̀ ni gbogbo wa. Mo ní, "Ilé tí mò ń gbé yìí, tiwọn ni."

"Háà! Ṣé wọn kì í na obìnrin?"

"Rárá o, mà. Wọ́n ti gé mi jẹ rí ṣá."

Màámi dákẹ́ díẹ̀. "Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Òyìnbó ni wọ́n, bí wọ́n ṣe máa ń ṣeré nìyẹn."

Wòlíì wá ní kí wọ́n mú orúkọ ìyá ẹ̀ wá, torí àdúrà tí ò lórúkọ ìyá lè ṣìnà délé ẹlòmíì. Mo bi màmá arúgbó pé kí lorúkọ ìyá Alfie. Inú wọn dùn débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde láìmú igi dání, wọ́n ní kò sẹ́ni tó béèrè rí, wọ́n ní kí n lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ mú ìwé ìdílé Alfie wá, ìdílé tó kún ju tèmi lọ. Duchess lorúkọ ìyá ẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀: Alfie ọmọ Duchess.

Yéè. Bọ̀dá Fẹ́mi lọ wo Duchess lórí Google. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti dé Mọ̀níyà pé Bùkọ́lá fẹ́ Álífà ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Àbúrò bàbá mi tí kò pè mí rí àyàfi ọdún iléyá, wọ́n pè, wọ́n kí mi ní "olorì". Ọkùnrin tó já mi jù sílẹ̀ lọ́dún 2021 fi emójì iná sí státọ́ọ̀sì mi. Àlàyé ń yí padà lójoojúmọ́: Álífà ti di mọ́kàndínlógójì, ó ní ẹṣin, wọ́n ní ọba Charles gan-an ló fi mọ́tò gbé e lọ ọsibítù. Láti oṣù 3 ọdún 2024 tí wọ́n ti ní àwa kíà, àwa tá à ń tọ́jú arúgbó, ò lè mú ọkọ tàbí ọmọ wọ̀lú yìí mọ́, èmi ni mo wá rí ọkọ tó ti wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìdílé.

Wọ́n wá ṣe ìṣọ́ òru. Màámi fi ohùn àdúrà náà ránṣẹ́ sí mi. Aago 10 ti lù, mo ti fún Alfie lóògùn, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo ki íápíìsì sétí. Gbogbo ìjọ ń pariwo, "ẹ̀dọ̀ Álífà ọmọ Duchess, gba ìwòsàn!" Mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu kí ẹ̀rín mi má bàa jí màmá. Lẹ́yìn náà ariwo rọlẹ̀, mo wá gbọ́ ohùn Màámi nìkan. Wọ́n ń sọ pé, Olúwa, ẹ̀dọ̀ ò ní pa ẹlòmíì nínú ilé mi mọ́.

Ẹ̀dọ̀ ló pa Bàámi. Ojú wọn di yẹ́lò, ikùn wọn wú, wọ́n sì gbé wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí a fi rí owó dọ́pọ́síìtì san. Òwú, ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́, gbogbo ẹ̀ la fọwọ́ ara wa rà. Ajá yìí, alaalẹ́ tó fi wà ní ọsibítù ni wọ́n ń pè wá láti sọ bó ṣe sùn, wọ́n á ní ó ti jẹ ṣíbí kan, wọ́n á ní ó ju ìrù. Kò sẹ́ni tó pè mí nípa Bàámi. Orí fóònù ni mo ti wò ó bí wọ́n ṣe ń gbé wọn wọlẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já kí wọ́n tó da iyẹ̀pẹ̀. Alfie ń hanrun lórí bẹ́ẹ̀dì tó ní híítà tiẹ̀. Mo wò ó, inú bí mi. Ajá tí kò wọn kílò 3, mo bínú sí i débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ó la ojú, ó wò mí, ó sì tọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Ó dáa náà, ká máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Màámi pe fídíò lójijì. Mo rò pé mo ti gbé fóònù kọ ẹ̀yìn. Màmá arúgbó sì fi igi wọn tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá, wọ́n ń ké pé Alfie, Alfie dà, ló bá fi ike ọrùn ẹ̀ gbá ilẹ̀kùn gbàgà, ó fò lé mi nítan, ó sì fi imú kan fóònù. Èmi àti Màámi dákẹ́. Alfie nìkan ló ń mí.

"Bùkọ́lá."

"Mà."

"Ajá ni?"

"Ajá ni, mà."

"Duchess ńkọ́?"

"Ajá náà ni, mà."

Mo gbọ́ tí wọ́n dìde lọ ti ilẹ̀kùn yàrá wọn. Wọ́n padà wá. "Ara ẹ̀ ti yá?"

"Ó ti ń yá, mà."

"Ògo ni fún Ọlọ́run. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. A ti ra aṣọ."

Aṣọ wo? Aṣọ ìdúpẹ́ o! Léèsì àwọ̀ búlúù fún ẹgbẹ́ ìyá, gèlè fàdákà, Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù. Wọ́n ní ẹni tó máa di ìyàwó ọmọ Duchess ò lè fi adìẹ dúpẹ́, màlúù ni, kí n tètè fi owó màlúù ránṣẹ́ kó má gbówó lórí. Bọ̀dá Fẹ́mi ti padà dé náà, wọ́n ní bí Álífà ti gbádùn báyìí, owó jíà ò lè dúró mọ́, wọ́n sì fẹ́ kí Duchess kọ lẹ́tà kan fún wọn sí ẹ́ḿbásì. Wòlíì ń béèrè fọ́tò tí wọ́n máa fi síwájú ìwé ètò. Màámi ní ṣé kò sí èyí tó dé fìlà. Mo ní ti ike ọrùn ló wà, mà. Wọ́n rò ó fúngbà díẹ̀, wọ́n ní tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ló kọ sí wa, ó lè jẹ́ o.

Mo ní tí ìjọ bá wá béèrè pé kí ló dé tí ọkọ mi ò fi wá ńkọ́, mà? Màámi ní kò sí wàhálà níbẹ̀ rárá, àwọn á ní ó lọ gba físà, Nàìjíríà ò fún un. Òyìnbó tí Nàìjíríà ò fún ní físà! Wọ́n ní gbogbo ìjọ ló máa dìde pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn, wọ́n á tún dá ọrẹ kejì. Ẹ dúró ná, aláàmù aago 2 ti ń ké, ẹ jẹ́ n lọ fún ọkọ mi lóògùn.