Ẹ yẹ ìwé ilé náà wò

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìwé ìtàn àròsọ Mariama Bâ, òǹkọ̀wé ará Senegal, Une si longue lettre (1979), bá délẹ̀ láàárín àwa tí à ń kàwé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), àríyànjiyàn kan náà ni: ṣé ó dáa kí ọkùnrin kó obìnrin jọ? Nínú ìwé náà, ọkọ àwọn ọ̀rẹ́ méjì fẹ́ ìyàwó lé wọn. Aïssatou tó kó ẹrù rẹ̀ jáde, wọ́n á ní akin ni. Ramatoulaye tó jókòó sílé ọkọ, wọ́n á ní ojo ni. Èmi ò gbà.

Nígbà tí Modou, ọkọ Ramatoulaye, kú, Ramatoulaye ṣì wà nínú opó, oṣù 4 àti ọjọ́ 10 tí ẹ̀sìn là kalẹ̀ kò tíì pé. Ọjọ́ 40 olóògbé ni Tamsir, arákùnrin ọkọ rẹ̀, bá lèmọ́mù wọlé tọ̀ ọ́, ó ní tó bá ti tú opó, òun ni yóò fẹ́ ẹ. Kò bi í léèrè o, ó ń sọ fún un ni. Ta ló máa ṣàlàyé ṣíṣú opó fún ará Kétu? Obìnrin tó ti panu mọ́ láti ọdún 30 bá là á níwájú lèmọ́mù. Ìṣirò ló ṣe fún Tamsir: ìyàwó rẹ kan ń rẹ aṣọ láró, èkejì ń ta èso, ẹ̀kẹta ń yí maṣíìnì ìránṣọ, síbẹ̀ o tún fẹ́ fẹ́ òmíràn.

Ibi tí wọ́n máa ń fò jù ni ọ̀rọ̀ ogún. Modou ti fi ilé tí òun àti Ramatoulaye jọ dáwó rà dógò ní báńkì, kó lè ra ilé fún Binetou, ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ tó fi ṣe ìyàwó kejì. Owó ẹni méjì, orúkọ ẹnì kan lórí ìwé. Lọ́dọ̀ tiwa ní Benin, òfin ìdílé ọdún 2004 ní kí ọmọbìnrin jogún bí ọmọkùnrin, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó tí wọn ò ṣe ní méérì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, òfin ò kà á sí. Aṣọ ẹbí ò lè dípò ìwé.

Nínú ìwé Lola Shoneyin, The Secret Lives of Baba Segi's Wives (2010), abẹ́lẹ̀ làwọn ìyàwó Baba Segi gbé tiwọn gbà: ọkọ ò lè bímọ, wọ́n lóyún níta, wọ́n sì jẹ́ kó máa yangàn. Ìgbà tí Bọ́láńlé, ìyàwó kẹrin, fẹ́ tú àṣírí náà láìmọ̀, òun ni wọ́n gbé májèlé fún. Segi, ọmọ wọn, ló jẹ ẹ́.

Mo wá fi ìyẹn wé ohun tí Ramatoulaye ṣe fún Daouda Dieng, tó wá ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ lẹ́yìn ikú Modou. Èèyàn gidi ni, dókítà ni, aṣòfin ni, ó sì ti fẹ́ràn rẹ̀ tipẹ́. Ọlọ́mọ 12 tí kò lọ́kọ mọ́ kọ̀wé sí i pé òun ò ṣe, torí ìyàwó wà nílé Daouda, òun sì mọ bó ṣe ń dunni. Ìbéèrè ìdánwò lórí ìwé Bâ ì bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.