Wọn ò yí ọ̀nà márosẹ̀ padà nítorí iwin ní Ireland

Fídíò tó ní wọ́n yí ọ̀nà márosẹ̀ padà ní Ireland nítorí igi iwin tún ti ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp. Bọ̀dá mi kan ló jù ú sí gúrúùpù ẹbí, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àwọn tó ní ká gé ìrókò wa lulẹ̀ rèé o, àwọn fúnra wọn yí ọ̀nà márosẹ̀ padà nítorí igi iwin!" Kí n tó jí, ẹni mẹ́rìnlá ti fi ẹ̀rín sí i. Ọ̀rọ̀ náà dùn, mi ò lè purọ́, ó dùn mọ́ èmi náà. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní 1999, wọ́n fẹ́ la ọ̀nà tuntun ní Clare, ní ìwọ̀ oòrùn Ireland, kí ọkọ̀ má bàa máa gba àárín ìlú Newmarket-on-Fergus kọjá mọ́. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan wà ní Latoon, irú èyí tí wọ́n ń pè ní sceach, iṣẹ́ ọ̀nà náà sì fẹ́ gbá a lọ. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Eddie Lenihan, olùkọ́ tó tún jẹ́ apìtàn, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Irish Times. Ó ní àgbẹ̀ àgbàlagbà kan ti sọ fún òun pé abẹ́ igi yẹn ni àwọn iwin Munster, ẹkùn gúúsù Ireland, ti máa ń péjọ kí wọ́n tó lọ bá àwọn iwin Connacht, ẹkùn ìwọ̀ oòrùn, jagun, pé bàbá náà ti rí ẹ̀jẹ̀ wọn lórí koríko láàárọ̀. Lenihan kìlọ̀ pé bí wọ́n bá hú igi náà, ìjàǹbá ọkọ̀ ni wọn yóò máa fi ojú rí níbẹ̀. Kí ló tún kù tí oníròyìn ń wá? Ọ̀rọ̀ náà dé Amẹ́ríkà.

Àwọn ẹnjiníà lọ wo ibẹ̀, wọ́n rí i pé ó ṣeé ṣe kí igi náà dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Wọ́n ṣọgbà yí i ká. Ọ̀nà náà ṣì gba Latoon kọjá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà gan-an. Gbogbo "yíyí padà" tí wọ́n ń pariwo kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí fídíò kì í sì í fi kún un ni pé ní 2002, ẹnì kan gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì lọ síbẹ̀, ó sì gé gbogbo ẹ̀ka igi náà kanlẹ̀.  Igi náà padà rúwé.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìjọba wọn ṣe ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá le gan-an, kó wo Tara, ní Meath. Òkè tí wọ́n ti ń fi ọba àwọn ọba jẹ nìyẹn, ibẹ̀ ni ìtàn àtijọ́ sì so mọ́ Tuatha Dé Danann, àwọn tí ìran iwin ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀nà márosẹ̀ kan, M3, fẹ́ gba àfonífojì tó wà láàárín Tara àti Skryne. Àwọn èèyàn fi ọdún gbọọrọ ṣe ìwọ́de. Seamus Heaney, akéwì tó gba ẹ̀bùn Nobel, bá wọn dá sí i. Ní 2007, wọ́n tún gbẹ́ ojúbọ àtijọ́ ńlá kan jáde ní Lismullin, lójú ọ̀nà gan-an. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n da ọ̀dà lé e. Wọ́n ṣí ọ̀nà náà ní 2010.

Oko ni ìgbàgbọ́ yìí ti rí iṣẹ́ ṣe, kì í ṣe ojú títì. Bí nǹkan bí 45,000 ráth ló wà lákọsílẹ̀ ní Ireland: yàrà àti òkìtì tó yípo bí agbada, igi á sì hù sí etí rẹ̀. "Ilé iwin" ni àwọn ará abúlé ń pè é. Àwọn àgbẹ̀ bíi tiwọn ló mọ ọ́n, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn láàárín ọdún 600 sí 900. Ìdílé kan á wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú màlúù wọn, torí màlúù lowó nígbà yẹn, olè màlúù ò sì wọ́n. Ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sọ pé iwin ń gbà wọlé jẹ́ ibi tí wọ́n ń tọ́jú oúnjẹ sí, tí wọ́n sì ń sá pa mọ́ sí. Nígbà tí ẹni tó rántí tán, ilé náà di ti "àwọn èèyàn rere", na daoine maithe. Wọn kì í dárúkọ wọn gan-an, bí àwa náà ṣe ń pe ṣọ̀pọ̀ná ní ilẹ̀ẹ́gbóná.

Láàárín 1937 sí 1939, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó ìtàn jọ lẹ́nu àwọn àgbà. Irú èyí pọ̀ níbẹ̀ lọ súà: ọkùnrin kan gé sceach, ọwọ́ rẹ̀ wú, òmíràn tú ráth, màlúù rẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí nǹkan kan. Sceach kan náà ni wọ́n fi ṣọgbà yí oko wọn ká, wọ́n sì ń rẹ́ ẹ bó ṣe wù wọ́n, àyà ẹnikẹ́ni kì í já. Èyí tó dá dúró láàárín pápá, tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbìn ín, òun ni wọn ò jẹ́ fọwọ́ kàn.

Wọ́n kúkú fọwọ́ kan púpọ̀ náà. Nígbà tí katakata dé, tí owó ìrànwọ́ àgbẹ̀ láti Yúróòpù sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lẹ́yìn 1973, ọ̀pọ̀ ráth ni wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tó kù ní òfin lẹ́yìn báyìí, láti 1930, àtúnṣe 1994 sì ní kí onílẹ̀ fi tó ìjọba létí ní oṣù méjì kó tó ṣe ohunkóhun sí èyí tó wà lákọsílẹ̀. Nítorí náà, bí àgbẹ̀ kan bá fi tirẹ̀ sílẹ̀ lónìí, ẹ ò lè mọ̀ bóyá iwin ló ń bẹ̀rù ni àbí lọ́yà.

Mo ti fèsì fún bọ̀dá mi. Mo ní kí wọ́n ṣí Google Maps, kí wọ́n lọ sí Clare tàbí Limerick, kí wọ́n wo pápá láti òkè. Wọn yóò rí òbìrí igi kan láàárín oko, àti ipa katakata tó ń bọ̀ tààrà, tó wá rọra yà bàrá nígbà tó dé ẹ̀bá rẹ̀.