Bí Ilé-iṣẹ́ Bàálù Bá Ń Wó, Kí Ọ̀gá Náà Tò Sórí Ìlà

Ní oṣù kẹrin ọdún 2003, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mẹ́ta ní American Airlines dìbò láti gé owó ara wọn. Àwọn awakọ̀ bàálù yóò fi mílíọ̀nù 660 dọ́là sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ti àwọn mẹkáníìkì àtàwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 620, ti àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù sì jẹ́ mílíọ̀nù 340. Ilé-iṣẹ́ náà ti pàdánù bílíọ̀nù 3.5 dọ́là lọ́dún tó ṣáájú, àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ sì ti múra tán láti gbé e lọ sílé-ẹjọ́ àwọn tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn. Àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù kọ́kọ́ kọ̀. Ìgbà tí wọ́n fi ọjọ́ kan kún ìdìbò náà ni ìbò tiwọn tó bọ́ sí “bẹ́ẹ̀ ni.”

Ìbò ò tíì tutù tí àṣírí fi tú. Ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ ọjà ìpín-ìdókòwò, lọ́jọ́ 15 oṣù náà, ọjọ́ tó yẹ kí ìdìbò parí gan-an, ló sọ ọ́. Wọ́n ti ṣèlérí fún àwọn ọ̀gá àgbà mélòó kan pé tí wọ́n bá dúró di oṣù kìíní 2005, wọn yóò gba ìlọ́po méjì owó ọdún wọn. Wọ́n tún ti kó mílíọ̀nù 41 dọ́là sínú àpò ọ̀tọ̀ kan ní 2002 láti dáàbò bo owó ìfẹ̀yìntì ọ̀gá 45, níbi tí ẹni tí ilé-iṣẹ́ náà jẹ ní gbèsè ò ti ní lè fọwọ́ kàn án. Ilé-iṣẹ́ náà ti tọrọ àyè láti pẹ́ kó tó fi ìwé yẹn sílẹ̀. Ká ní ó tètè dé ni, kò sí ẹni tó máa dìbò kó tó kà á. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n fagi lé owó ìlọ́po méjì náà, àmọ́ wọn ò tú àpò ìfẹ̀yìntì ká. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà, Donald Carty tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá kọ̀wé fipò sílẹ̀.

A ò hú ọ̀rọ̀ yìí jáde nítorí iye owó náà. Ẹ fi mílíọ̀nù 41 tí wọ́n kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wé bílíọ̀nù 1.62 tí òṣìṣẹ́ ń fi sílẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ ó rí i pé owó àwọn ọ̀gá ò lè gba ilé-iṣẹ́ náà là, kò sì lè rì í. Àwọn tó ń gbèjà irú owó báyìí kì í yéé sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni. Ohun tó ń bí òṣìṣẹ́ nínú ni ìlà. Gbogbo ẹni tí ilé-iṣẹ́ tó ń wó jẹ lówó ló wà lórí ìlà kan: ẹni tó ta epo, ẹni tó fi bàálù háyà, pápákọ̀ òfurufú, báńkì, èrò tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, òṣìṣẹ́. Ọ̀gá ló mọ̀ ṣáájú gbogbo wọn pé owó ò ní kárí. Òun náà ló sì yọ́ gba ẹ̀yìn kúrò lórí ìlà, tó padà wá sí iwájú láti sọ fáwọn tó kù pé kí wọ́n ṣe sùúrù.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì ni ibi tó ti dunni jù. Kí US Airways tó wọ ilé-ẹjọ́ ní oṣù kẹjọ 2002, ọ̀gá mẹ́ta tó ń lọ ti gba owó ìfẹ̀yìntì wọn lẹ́ẹ̀kan náà, àpapọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 35 dọ́là. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta 2003, wọ́n pa ètò ìfẹ̀yìntì àwọn awakọ̀ rẹ́, wọ́n sì jù ú sọ́wọ́ PBGC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Àjọ náà ní òdiwọ̀n tí kò lè kọjá. Lọ́dún yẹn, ẹni tó bá fẹ̀yìn tì ní ẹni ọdún 65 ò lè gbà ju 43,977 dọ́là lọ lọ́dún, ẹni ọdún 60 ò sì lè gbà ju 28,585 lọ. Bẹ́ẹ̀ òfin ìrìnnà òfurufú ìgbà náà ò gbà kí ẹnikẹ́ni wa bàálù èrò ńlá lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Òfin kan lé awakọ̀ kúrò nídìí ọkọ̀ ní ọgọ́ta, òfin kejì fìyà jẹ ẹ́ pé ó tètè lọ. Ní 2005, irú rẹ̀ kan àwọn òṣìṣẹ́ United: bílíọ̀nù 6.6 dọ́là ìlérí ìfẹ̀yìntì ló bọ́ sọ́rùn PBGC. Mílíọ̀nù 4.5 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìfẹ̀yìntì ọ̀gá àgbà Glenn Tilton nígbà tí wọ́n mú un wá láti ilé-iṣẹ́ epo kò mì.

Kí ni ìbínú òṣìṣẹ́ ń ṣe fún bàálù fúnra rẹ̀? Àwọn ìgbìmọ̀ olùdarí kì í fẹ́ gbọ́ ìdáhùn ìbéèrè yìí, nítorí kì í hàn nínú ìṣirò owó.

Oríṣi bàálù kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tó ń to ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ tí wọ́n sì ṣì lè gbé e fò, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí wọ́n ní láti fi tún un ṣe. Àbùkù ìpele B ní ọjọ́ 3, ti C ní ọjọ́ 10, ti D ní ọjọ́ 120, wọn kì í sì í ka ọjọ́ tí wọ́n rí i mọ́ ọn. Nílé-iṣẹ́ tó lówó lọ́wọ́, kò sí wàhálà: wọ́n á béèrè fún ẹ̀yà ara tuntun, á dé lọ́la. Nílé-iṣẹ́ tó ń wó, ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ti ní owó ló máa kọ́kọ́ fojú rí, àká ti gbẹ, ọjọ́ kẹta sì ti kò. Wọ́n á lọ tú u lára bàálù mìíràn tí wọ́n ti gbé kalẹ̀. Iṣẹ́ ti di méjì nìyẹn: títú, kíkọ ọ́ sílẹ̀, dídè é sí èkejì, dídán an wò, fífọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí bàálù àkọ́kọ́ bá fẹ́ padà fò, wọ́n tún máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ ló ń dúró wákàtí méjì lẹ́yìn àsìkò rẹ̀ kí bàálù aago mẹ́fà àárọ̀ lè gbéra. Lọ́jọ́ tó bá kà nínú ìwé ìròyìn pé wọ́n ti fún ọ̀gá òun lówó kó má bàa lọ, aago iṣẹ́ tó bá lù ló máa pa àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dé. Kò rú òfin kankan. Awakọ̀ tó máa ń gbé fóònù lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀ náà ò gbé e mọ́. Ohun tí ilé-iṣẹ́ yìí fi ń fò látọjọ́ yìí ni oore ọ̀fẹ́ òṣìṣẹ́, kò sì sí ìlà kankan nínú ìwé ìṣirò tó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì. Air Berlin kéde ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ 2017 pé òun ò lè san gbèsè mọ́. Ìjọba yá a ní mílíọ̀nù 150 owó yúrò kí bàálù lè máa fò. Ọ̀gá àgbà ibẹ̀, tí kò tíì lo ọdún kan, ní ìwé tí báńkì fi ṣe onídùúró fún owó tó lè tó mílíọ̀nù 4.5 yúrò lọ́wọ́, kódà bí ilé-iṣẹ́ náà bá wó. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, nǹkan bí igba awakọ̀ ló ní ara àwọn ò yá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì fagi lé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìrìnàjò. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá, bàálù tó gbẹ̀yìn balẹ̀ sí Berlin. A ò ní sọ pé ìwé báńkì yẹn ló pa Air Berlin. Gbèsè ló pa á.

Ti Kingfisher, ilé-iṣẹ́ bàálù kan ní Índíà, tún yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ń yọ owó orí lára owó oṣù òṣìṣẹ́, kò sì san án fún ìjọba, títí ìjọba fi ti àwọn àpò báńkì rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹnjiníà daṣẹ́ sílẹ̀ ní ìparí oṣù kẹsàn-án 2012, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ò tíì rí owó oṣù fún oṣù méje. Wọ́n gba ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́ náà lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ní 2016, Vijay Mallya tó ni ín gba àdéhùn mílíọ̀nù 75 dọ́là lọ́wọ́ Diageo, ilé-iṣẹ́ ọtí ńlá ti Gẹ̀ẹ́sì, láti fi ipò sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ọtí rẹ̀, mílíọ̀nù 40 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ká sòótọ́, owó ọtí ni, kì í ṣe ti bàálù. Àmọ́ ta ló máa ṣàlàyé ìyàtọ̀ yẹn fún obìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún èrò, tí wọn ò san owó orí rẹ̀, tí owó oṣù rẹ̀ ò sì wọlé? Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ dá ọkùnrin náà lẹ́bi ní 2017 pé ó gbé owó ọ̀hún sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí àṣẹ ilé-ẹjọ́ kọ̀ ọ́.

Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ti gbìyànjú. Láti 2005, ilé-iṣẹ́ tó bá wà nílé-ẹjọ́ gbèsè ò lè san owó má-fi-wá-sílẹ̀ fún ọ̀gá àfi tí ẹlòmíì bá ti fi iṣẹ́ lọ ọ̀gá náà lóòótọ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ilé-iṣẹ́ ò lè ṣe láìsí. Owó náà ò sì gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po mẹ́wàá ìpíndọ́gba irú rẹ̀ tí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ lásán lọ́dún yẹn. Òfin dáadáa ni, ihò méjì ló ní. Èkíní ni pé tí wọ́n bá yí orúkọ rẹ̀ padà sí owó ìwúrí, tí wọ́n so ó mọ́ àfojúsùn tí ọmọdé lè dé, ó ti bọ́ lọ́wọ́ òfin. Èkejì burú jù: tí wọ́n bá san án kí wọ́n tó wọ ilé-ẹjọ́, adájọ́ ò ní ohun tó fẹ́ fọwọ́ sí. Ọ́fíìsì olùyẹ̀wò ìṣirò ìjọba wọn yẹ èyí wò fún ọdún ìṣúná 2020. Ilé-iṣẹ́ 42 ló ti pín nǹkan bíi mílíọ̀nù 165 dọ́là fún àwọn ọ̀gá wọn láàárín oṣù márùn-ún sí ọjọ́ méjì ṣáájú kí wọ́n tó wọlé ẹjọ́. Ọjọ́ méjì!

Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ á ní láìsí owó yìí, àwọn tó mọṣẹ́ á sá lọ. A gbà pé ẹni tó bá gba iṣẹ́ ọkọ̀ tó ń rì yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń san owó gidi fún. Ẹ san án ní ìpín-ìdókòwò tí kò ní ṣeé tà títí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ bá jáde kúrò lábẹ́ gbèsè. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé sísá lọ là ń bẹ̀rù, ta ni ìlọ rẹ̀ ń dá bàálù dúró lọ́la? Ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ láti fọwọ́ sí i ni, àti ẹni tó ń ṣètò ìrìnàjò tó ń ṣírò epo àti ojú ọjọ́. A ò tíì rí ètò má-fi-wá-sílẹ̀ kan tó kọ́kọ́ kan àwọn wọ̀nyí. Ní Amẹ́ríkà kan náà, Gerard Arpey tó gba ipò Carty fi American sílẹ̀ ní 2011 láìgba owó ìdágbére kankan. Ẹni tó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n béèrè mílíọ̀nù 19.9 dọ́là fún un nígbà ìdàpọ̀ pẹ̀lú US Airways, adájọ́ Sean Lane sì kọ̀ láti fọwọ́ sí i ní oṣù kẹta 2013.

Ohun tí a fẹ́ kí àwọn aṣòfin kọ sílẹ̀, kí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì kọ̀ láti jókòó láìsí i, ò ṣòro. Kí ọ̀gá kankan má gba owó ìdúró tàbí ìdágbére títí gbogbo owó oṣù, owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ti yọ lára òṣìṣẹ́ á fi dé ibi tó yẹ kó dé. Tí wọ́n bá kó owó sápò ọ̀tọ̀ fún ìfẹ̀yìntì ọ̀gá, kó má ju ìdá tó wà nínú àpò òṣìṣẹ́ lọ: tí ti òṣìṣẹ́ bá jẹ́ ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ọgọ́ta ni tiwọn náà. Owó yòówù tí wọ́n bá san fún ọ̀gá láàárín oṣù méjìlá ṣáájú ilé-ẹjọ́, kí adájọ́ lè dá a padà sórí ìlà. Kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kankan tó dìbò lórí gígé owó, kí ìwé gbogbo àdéhùn ọ̀gá láti ọdún méjì sẹ́yìn wà lọ́wọ́ wọn fún ọjọ́ 14, pẹ̀lú ìfọwọ́sí alága ìgbìmọ̀ olùdarí, lédè tí ẹni tó ń kó ẹrù sínú bàálù lè kà kó sì yé e. Tí ohunkóhun bá sì sá pamọ́, kí ìbò náà di òfo.