Ọmọbìnrin ọdún Ẹṣin Iná kì í pa ọkọ jẹ o

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Látìgbà tí ọdún Ẹṣin Iná àwọn ará Ṣáínà ti wọlé ní Fẹ́búárì 17, 2026 ni wọ́n ti ń pín ọ̀rọ̀ kan kiri lórí WhatsApp, pé ọmọbìnrin tí wọ́n bá bí lọ́dún yìí á ya alágídí, ọwọ́ ọkọ ò ní ká a, kódà á pa ọkọ ẹ̀ jẹ ni. Aboyún kan fi ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí lòun máa wá ṣe báyìí. Ó dùn mí gan-an. Irọ́ ni.

Ẹranko 12 ni wọ́n fi ń ka ọdún, eku, màlúù, ẹkùn títí dórí ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n wá fi igi, iná, erùpẹ̀, irin àti omi kún un, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún 60 ni Ẹṣin àti Iná tó ń pàdé. 1906, 1966, àti ọdún yìí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ pé obìnrin ẹ̀ ń pa ọkọ, Japan ló ti rinlẹ̀ jù, wọ́n sì máa ń so ó mọ́ Oshichi, ọmọ ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan ní Edo, ìyẹn Tokyo òde òní, tí wọ́n dáná sun ní 1683 torí pé ó tiná bọlé. Ìtàn ní nígbà tí iná lé àwọn ará ilé ẹ̀ sá lọ sí tẹ́ńpìlì ló pàdé ọmọkùnrin kan níbẹ̀, ó wá rò pé bí iná míì bá tún sọ òun á tún rí i. Ọmọdé tí ìfẹ́ ń pa bí ọtí ni! Kò tiẹ̀ lọ́kọ tó máa pa. Kò sì sí àkọsílẹ̀ tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé 1666, tó jẹ́ ọdún Ẹṣin Iná, ni wọ́n bí i.

Ẹ wá wo ohun tí ìbẹ̀rù yìí ṣe. Ní 1965 ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù 1.8 ni wọ́n bí ní Japan, ní 1966 ó já wálẹ̀ sí mílíọ̀nù 1.36, 1967 dé, ó tún lọ sókè sí mílíọ̀nù 1.9. Tọkọtaya ló ń fètò sí ọmọ bíbí, ẹṣin kankan ò sí níbẹ̀. Ní 1906 àwọn òbí kan tiẹ̀ ń parọ́ ọdún tí wọ́n bí ọmọbìnrin wọn, wọ́n á kọ ọ́ sí 1905 tàbí 1907, kó ṣáà lè rọ́kọ fẹ́.

Èyí tó ya mí lẹ́nu jù ni pé Japan ti ń lo kàlẹ́ńdà òyìnbó láti 1873, Jánúárì 1 ni ọdún ẹranko tiwọn ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ní Ṣáínà, Jánúárì 21, 1966 ni Ẹṣin wọlé. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní Jánúárì 10 ọdún yẹn, tó bá jẹ́ Tokyo ni, Ẹṣin Iná ni, ẹ̀rù ẹ̀ á máa bà wọ́n, tó bá jẹ́ Beijing ni, Ejò ni, kò kàn wọ́n. Ọjọ́ kan náà o! Ibo lára ọmọ yẹn ni ìwà pípa ọkọ wà?

Kiko, ìyàwó ọmọba tó máa jọba tẹ̀ lé ọba Japan tó wà lórí oyè báyìí, Sẹ̀tẹ́ńbà 11, 1966 ni wọ́n bí i, Ẹṣin Iná pọ́ńbélé. Ó fẹ́ Akishino ní 1990, ọkọ ẹ̀ wà láàyè, wọ́n ṣì jọ wà. Ní 2006 ó bí Hisahito, ọkùnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n bí sínú ìdílé ọba yẹn láti bí ọdún 40. Mo ti fi fọ́tò tọkọtaya náà ránṣẹ́ sí aboyún yẹn.